Fíìmù Ọgọ́rùn-ún Kò Gba Ìjì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ pálọ̀ wa, tó gbójú sókè wo àwọn fọ́tò ara ògiri, á rò pé iwin ni ọkọ mi gbé níyàwó. Nínú èyí tó wà lókè àga gígùn, mo gbé ọmọ wa obìnrin lé itan: ojú ọmọ mọ́ kedere, èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọrùn tèmi lọ sókè, èéfín ni. Nínú èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ mi wà níbẹ̀, bàtà mi wà níbẹ̀, orí mi ti di méjì ààbọ̀. Ẹjọ́ ara mi ni. Mi ò lè dúró lójú kan. Bí wọ́n bá ti ní kí n má rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rín á máa rìn mí ní ìhà bí èèrà.

Ayàwòrán ni ọkọ mi. Dúró-Jẹ́ẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀: "Dúró jẹ́ẹ́. Má mí." Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín, gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Èmi nìkan ni apá rẹ̀ kò ká. Ó fún èmi náà ní orúkọ: Ìjì. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó". Nínú ìwé nìkan ni. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, àfi ọjọ́ tó bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi láìtọrọ.)

Ohun tó dá gbogbo èyí sílẹ̀ ni fíìmù ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí fóònù ti bà jẹ́. Ara páálí fíìmù ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí: ọgọ́rùn-ún, irinwó, ẹgbẹ̀rin. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí fíìmù ṣe ń mu ìmọ́lẹ̀ sí. Ọgọ́rùn-ún ń mu ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń mu tíì gbígbóná, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, kò sí wàhálà, ojú fọ́tò á jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ pẹ́ kí fíìmù tó yó, bí ẹni tí wọ́n ń yà bá sì mira pẹ́nrẹ́n, ó ti di èéfín. Irinwó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ̀rin ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń da ife dé sí ọ̀fun: ó lè ya èèyàn nínú ìbòjì, nínú òjò, kódà kí onítọ̀hún máa jó, àmọ́ ojú fọ́tò á rí bí ẹni tí iyanrìn ta sí. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ní láti mọ èyí tó máa rà dáadáa, torí fíìmù dà bí ọkọ. Bó o bá ti gbé e wọlé, òun lo máa bá sùn títí yóò fi tán.

Ọkọ mi kò ra nǹkan mìíràn rí ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó ní irinwó wà fún aláìnísùúrù, ẹgbẹ̀rin wà fún olè.

"Ẹ ra irinwó kan péré," mo máa ń wí fún un, "kí ẹ fi ya ìyàwó yín."

"Kí ìyàwó mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di arúgbó. Ẹ ní nínú oòrùn ńkọ́? Nínú oòrùn, ojú mi á di, ọwọ́ mi á sì bo ẹnu, nítorí àlàfo kan tó wà níbi tó yẹ kí eyín iwájú mi wà. Fọ́tò ìwé ìrìnnà mi, ayàwòrán mìíràn tó ní iná tó ń kọ mànà ló yà á. Ọkọ mi kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó wo fọ́tò náà bí ẹni tó rí bàtà ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin mìíràn.

Nígbà tó yá, àìsàn ìgbàgbé wọlé tọ̀ ọ́. Kò kan ilẹ̀kùn. A rí gíláàsì ojú rẹ̀ nínú fìríìjì, a rẹ́rìn-ín. Ó kí bàbá kan kú àárọ̀ nínú jígí, ó sì bínú pé bàbá náà kò dáhùn; ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín wa kò dé ọ̀fun. Dókítà jókòó tì wá, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: orúkọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ojú àwọn èèyàn. Ọkọ mi ṣì mọ̀ mí nígbà náà. Ó ṣì ń pè mí ní Ìjì, ó ṣì ń bá mi jà lórí iyọ̀.

Àfi bí ohun kan ṣe wọ̀ mí lọ́kàn tó kọ̀ tí kò jáde. Mo fẹ́ kó yà mí lẹ́ẹ̀kan péré, kí ojú mi hàn, nígbà tó ṣì mọ̀ pé èmi ni.

Mo sọ fún ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó fa fóònù yọ lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, ẹ jókòó dáadáa, n óò yà yín báyìí."

"Ta ni yóò máa wò mí níbẹ̀? Ìwọ. Bàbá rẹ ni mo fẹ́ kó wò mí."

Òun ló wá dá a lábàá pé kí àwa méjèèjì padà lọ sí ìlú etí òkun tá a lọ nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó ní dókítà sọ pé ibi àtijọ́ máa ń ta wọ́n jí nígbà mìíràn. "Ṣùgbọ́n òjò ló wà níta lásìkò yìí o, Màámi. Ẹ dákun, ẹ ra irinwó. Ẹ má jẹ́ kí Bàámi fi ọgọ́rùn-ún wọn yẹn dà á rú."

"Èmi tí mò ń fọ fíìmù kí wọ́n tó bí ọ, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Màámi. Àánú wọn ló máa ń ṣe yín, ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí."

Ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ kò dára láti máa bá rìn.

Obìnrin kan tó máa ń fi okùn so gíláàsì mọ́ ọrùn ló ń ta fíìmù nígboro wa. Ọjọ́ tá a lọ, ojú ọ̀run ṣú bí ìdí ìkòkò. Àárọ̀ ni, síbẹ̀ iná ń tàn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ mi kò béèrè iye, kò béèrè nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n bá òun mú bébà funfun kan wá.

Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Á tẹ́ bébà síta gbangba, á na ọwọ́ sókè rẹ̀, á sì wo òjìji ìka rẹ̀. Bí etí òjìji bá mú bí abẹ, ọgọ́rùn-ún yóò ṣiṣẹ́. Bó bá rọ̀ bí etí aṣọ tó ti gbó, àwọn ẹlòmíràn á ra irinwó, òun á dúró de oòrùn. Bí kò bá sí òjìji rárá, á di kámẹ́rà rẹ̀, á ní ká máa lọ sílé.

Ó tẹ́ bébà náà sórí ìjókòó onígi tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó na ọwọ́. Ó wò ó títí.

"Ìjì, wá wò ó. Ó mú bí abẹ."

Mo tẹ̀ síwájú, mo wò. Bébà ni mo rí, àti ẹ̀kán omi òjò méjì tó ta sí i. Òjìji kankan kò sí níbẹ̀. Onífíìmù náà yọjú lẹ́yìn mi, ó wo bébà, ó wo ojú ọ̀run, ó sì wò mí.

"Màmá," ó rọra wí, "irinwó ni kẹ́ ẹ mú o. Kódà ẹgbẹ̀rin."

Ọkọ mi gbọ́. Ó yíjú sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bébà.

"Àbí mi ò rí i dáadáa ni?"

Ọkùnrin yìí kò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó lè bi mí ibi tí ṣòkòtò rẹ̀ wà, ó lè bi mí bóyá òun ti jẹun. Ní ti ìmọ́lẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù wà lójú rẹ̀, irú èyí tó wà lójú ọmọ tó sọnù tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ó mú, Bàbá," mo wí. "Díẹ̀ ló kù kó gé mi lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ gba fíìmù ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bí ọba. Ṣùgbọ́n mi ò gọ̀ pátápátá. Bó ti ń wo àwọn kámẹ́rà àlòkù tó wà nínú àpótí onígíláàsì, mo ra ẹgbẹ̀rin kan lẹ́yìn rẹ̀, mo sì tì í bọ àárín ọyàn mi.

"Màmá, ooru ibẹ̀ yẹn á bà á jẹ́," onífíìmù náà wí.

"Ọmọ mi, iná ibẹ̀ yẹn ti kú tipẹ́."

Ète mi ni pé tá a bá dé hòtẹ́ẹ̀lì, bó bá ti wọ balùwẹ̀ lọ wẹ̀, n óò fi ẹgbẹ̀rin sínú kámẹ́rà, n óò yí nọ́ńbà rẹ̀ sí ibi tó yẹ, kò ní mọ̀. N óò máa fò bí ewúrẹ́ níwájú rẹ̀ bó ṣe wù mí, ojú mi á sì hàn. Iyanrìn tó bá máa ta sójú fọ́tò kó ta. Ojú arúgbó kúkú ní yanrìn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, inú rẹ̀ dùn. Ó bi mí ibi tá à ń lọ, mo sọ fún un, ó ní "O ṣeun." Ó tún bi mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní "etí òkun", inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ, mo wá rò ó pé ta ló tún máa rí irú ìdùnnú yẹn gbà lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó sùn, ó gbá kámẹ́rà mọ́ra lórí itan.

Wọ́n ti kun hòtẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀dà mìíràn. Mi ò lè búra pé yàrá wa àtijọ́ ni wọ́n fún wa, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ń dún bíi tàtijọ́, mo sì sọ fún ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìjì, o ò lójútì." Fọ́tò tó yà mí nínú yàrá yẹn nígbà àkọ́kọ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti èéfín ni. Ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ náà tí mi ò fi lè dúró, ẹ má bi mí, ìyá àgbà ni mí.

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa fíìmù yọ. Mo ní, "Ẹ ò kọ́kọ́ wẹ̀ ni?" Kò gbọ́. Èmi ni mo de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí ìka rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ihò bọ́tìnnì mọ́. Ìka kan náà ló wá ń ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kò wò ó. Fèrèsé ló ń wò. Ìka rẹ̀ fa ẹnu fíìmù jáde, ó fi há ibi tó yẹ, ó yí i díẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọn láti gbọ́ bóyá ó ti mú, ó pa ẹ̀yìn kámẹ́rà dé, ó sì yí nọ́ńbà sí ọgọ́rùn-ún. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọkọ mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, odindi, kò dín níbì kankan.

Mo fọwọ́ kan àárín ọyàn mi. Páálí ẹgbẹ̀rin wà níbẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé mi ò ní lè ṣe é. Bí mo bá yọ fíìmù yẹn, kí ló kù tí n óò fi sílẹ̀ fún un?

Lọ́jọ́ kejì, òjò kò dá. A lọ sétí òkun pẹ̀lú agboorùn, ó ya omi, ó ya ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo mọ̀ pé dúdú ni wọ́n máa jáde. Nígbà tá a padà dé yàrá, mo wọ aṣọ búlúù mi, mo kun ojú, mo kun ẹnu, mo gbé àga sún mọ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà wà. Ó gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀.

"Ìjì. Dúró jẹ́ẹ́."

"Mo ti dúró."

"Ètè rẹ ń rìn."

"Ìwọ lò ń bá a sọ̀rọ̀ kó tó rìn." (Mo pè é ní "ìwọ". Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni.)

Ó tẹ̀ ẹ́, mo ti rẹ́rìn-ín. Ó tún un tẹ̀, èjìká mi ti mì. Mo ń gbìyànjú o, mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ronú nípa ìsìnkú, mo ronú nípa eyín ríro, ẹ̀rín ṣì ń bọ̀. Ìtọ̀ wá gbọ̀n mí, torí ìtọ̀ arúgbó kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Mo sáré wọ balùwẹ̀.

Ìgbà tí mo jáde, ó dúró ti kámẹ́rà, ó sì tẹrí ba fún mi díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Mo rò pé àwàdà ni. Èmi náà kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ́, ó tutù, bó ṣe máa ń rí tí oníbàárà bá wọlé.

"Ẹ máa bínú, Màmá. Ṣé ẹ lè bá mi jókòó sórí àga yẹn díẹ̀? Mo fẹ́ fi yín wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ojú èèyàn. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ yà. Ó wà nínú balùwẹ̀, ó ń bọ̀."

Mo jókòó. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

"Irú obìnrin wo ni ìyàwó yín?" Ohùn mi kò jọ ohùn mi.

"Ìjì ni." Ó ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kámẹ́rà. "Kì í dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí ojú rẹ̀ mú. Fíìmù yìí lọ́ra, ẹ rí i. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n ra èyí tó yára."

"Kí ló dé tí ẹ kò rà á?"

Ó gbé orí sókè. Ó rò ó dáadáa, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti bi í tipẹ́.

"Èyí tó yára, ìṣẹ́jú akàn ni, ó ti tán. Èyí tó lọ́ra yìí, n óò tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, èmi náà á sì máa wò ó títí á fi pa dé. Bó ti lẹ̀ di èéfín, mo ti wò ó."

Mo wá ẹ̀rín tó máa ń rìn mí ní ìhà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mi ò rí i. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Òjò ń ṣàn lára gíláàsì fèrèsé. Kò ní kí n dúró jẹ́ẹ́, kò ní kí n má mí. Mi ò mí.

"Ẹ mà mọ̀ ọ́n dúró o, Màmá," ó wí.

Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ní òun fẹ́ wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ayàwòrán kì í rí ẹni tó dúró kó fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ojú kámẹ́rà là. Ó là sílẹ̀, ó pẹ́. Ọkọ mi ń wò mí láti òkè kámẹ́rà, mo ń wò ó. Ó pa dé.

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn fún un. Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ ti tó."

Mo dìde, mo lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, mo fi aṣọ ìnura dí ẹnu. Lẹ́yìn náà mo bọ́jú, mo sì jáde pẹ̀lú ariwo, mo ń ju ọwọ́, mò ń rẹ́rìn-ín tagbáratagbára, kó lè mọ̀ pé Ìjì dé.

Ó wo ẹ̀yìn mi.

"Màmá, ṣé ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀," mo wí.

Èmi fúnra mi ni mo fọ fíìmù náà nínú yàrá òkùnkùn wa. Òkun jáde dúdú bí mo ti wí. Àga jáde, fèrèsé jáde, èéfín tó jẹ́ èmi jáde lórí wọn. Mo wá tẹ ọ̀kan tó kù sórí bébà, mo rì í sínú omi oògùn lábẹ́ iná pupa, ojú kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bọ̀ láti ìsàlẹ̀: iwájú orí, ẹyinjú méjèèjì, ẹnu tí ọwọ́ kò bò. Gbogbo ìlà ojú mi wà níbẹ̀. Ó jọ̀lọ̀, bó ṣe máa ń sọ pé ọgọ́rùn-ún máa ń ṣe.

Ọmọ wa rí i, ó sunkún ayọ̀.

"Màámi, ẹ mà rẹwà o. Bàámi rí yín mú níkẹyìn."

Mi ò sọ fún un. Ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sáàárín pálọ̀, láàárín gbogbo àwọn èéfín. Fíìmù ẹgbẹ̀rin ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi nínú páálí rẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi yà mọ́.

Ọkọ mi kò mọ̀ mí mọ́ báyìí. "Màmá" ni mo jẹ́, ìyá kan tó ń gbé nínú ilé, tó ń bá a de bọ́tìnnì. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, kò sì bá mi jà lórí iyọ̀ mọ́. Ì bá wù mí kó bá mi jà. Tó bá jẹun àárọ̀ tán, á lọ dúró níwájú fọ́tò náà, á sì pè mí.

Ó pè mí lónìí náà.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Ìyàwó mi nìyẹn."

"Ẹ̀n ẹ́n?"

"Ìjì là ń pè é. Gbogbo ayé wa, kò dúró fún mi rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó." Ó fi ìka tọ́ka sí i, kò fọwọ́ kàn án. "Ó dúró."

"Ó dúró lóòótọ́, Bàbá," mo wí.

Ó wò ó títí, bí ẹni pé ojú kámẹ́rà ṣì là sílẹ̀. Ó wá rọra fọwọ́ kan apá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, Màmá. Ẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn lójú."

Mo sún.